Kòtò Òkúta Wẹ́wẹ́ Kékeré: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Ilẹ̀ Kí Kátapílà Tó Dé

Àwọn tó ń wá òkúta wẹ́wẹ́ fún títì kì í sábà wá lásìkò òjò. Oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà ni wọ́n máa ń dé, nígbà tí iná ti jó ìgbẹ́ tán, tí ojú ilẹ̀ hàn gbangba, tí ọ̀nà oko sì le débi tí ọkọ̀ lè gbà á. Wọ́n á gbẹ́ ihò bíi mẹ́rin, wọ́n á bu erùpẹ̀ sínú àpò, wọ́n á gún ọ̀pá tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà. Wọ́n á wá sọ fún baálé pé: “Bàbá, éékà mẹ́wàá péré ni. Ibẹ̀ gbẹ táútáú, kò sí odò kankan nítòsí.” Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ibẹ̀ gbẹ. Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, tó wá di oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, àwọn ọmọdé á máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ bí ẹni pé bí ilẹ̀ ṣe rí ní Èrèlé ló ṣe máa rí títí ọdún á fi yí po. Wọ́n á ka igi tó wà láàárín ọ̀pá pupa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á kọ orúkọ àwọn tó ń dáko níbẹ̀, wọ́n á sọ irú erùpẹ̀ tí wọ́n bá. Àmọ́ ohun tó ń ti òde wọ inú ọ̀pá mẹ́rin yẹn, àti ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde lọ bá aládùúgbò, ìyẹn omi, eruku àti tipa, ìlà méjì mẹ́ta ni wọ́n fi ń lé e lọ. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ilẹ̀ Yorùbá ò rí bákan náà lábẹ́. Láti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn, lọ sí Ìbàdàn, Òṣogbo, Èkìtì àti àríwá Oǹdó, orí àpáta àtayébáyé la tẹ̀dó sí. Irú àpáta tó yọrí ní Olúmọ àti Ìdànrè ló wà lábẹ́ oko wa, erùpẹ̀ ló bò ó. Lápá gúúsù, ní Ìjẹ̀bú, Yewa àti Èkó, yanrìn àti amọ̀ tí omi kó jọ ló pọ̀ jù, ó sì gba Benin àti Togo kọjá dé ìlà-oòrùn Ghana. Ilẹ̀ àpáta ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ pupa ti pọ̀.

Òjò àti oòrùn ló ṣe òkúta náà. Láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò lè kà ni wọ́n ti ń jẹ àpáta, tí omi ń fọ ohun tó lè yọ́ nínú rẹ̀ lọ, tí irin tó ṣẹ́kù sì ń dì mọ́ra di kóró pupa líle. Níbòmíràn, òkúta funfun wẹ́wẹ́ ló tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ erùpẹ̀ dúdú. Kò nípọn rárá: lọ́pọ̀ ibi, kò ju mítà kan sí mẹ́ta lọ kí èèyàn tó kan amọ̀. Ìdí nìyẹn tí irú kòtò yìí fi ń fẹ̀ dípò kó jìn. Ẹni tó ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi àdó olóró fọ́ àpáta lè wò ó kó ní kò sí ewu níbẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ oko, torí gbogbo ibi tó bá fẹ̀ dé ni erùpẹ̀ dúdú òkè ti gbọ́dọ̀ kúrò, èyí tí kì í sábà ju ìdajì ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ni ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo mọ̀.

Omi ni mo fẹ́ dúró tì pẹ́ díẹ̀. Lórí ilẹ̀ àpáta, kò sí odò ńlá kan lábẹ́ ilẹ̀ tí kànga wa ń fà. Omi tí à ń mu ni òjò tó rọ lé wa lórí, tó rin wọlẹ̀, tó sì dúró sínú amọ̀ àti àpáta jíjẹrà tó wà láàárín òkúta wẹ́wẹ́ òkè àti àpáta líle ìsàlẹ̀. Ìkòkò omi abúlé nìyẹn. Ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ yẹn sì ni ẹnu ìkòkò náà, torí òjò tètè ń gba àárín rẹ̀ wọlé. Tí wọ́n bá kó o lọ, tí ẹsẹ̀ kátapílà sì ti tẹ amọ̀ tó kù mọ́lẹ̀ dan-in, òjò ò ní ríbi wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Yóò dúró sójú ilẹ̀ tàbí kó ṣàn lọ.

Ẹni tó bá ní kànga mọ̀ pé omi inú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Okùn tó kan omi ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ kì í kan án ní Ẹrẹ́nà, ó sì lè fi ọ̀pọ̀ mítà dín. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbẹ́ ihò ìdánwò ní Èrèlé, tí wọn ò kan omi ní mítà mẹ́ta, tí wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé pé omi jìnnà, ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Ìdajì kejì ń bọ̀ nínú oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà, nígbà tí òjò ọdún ti kún inú ilẹ̀. Ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ẹni tó bá ní òun ò ní gbẹ́ kòtò òun dénú omi gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ láàárín ìsàlẹ̀ kòtò àti ibi tí omi ilẹ̀ ń gòkè dé. Ojú ọjọ́ wọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn òfin yẹn torí pé ó ń fipá mú èèyàn mọ ibi tí omi ń dé kó tó fọwọ́ kan ṣọ́bìrì.

Bí kòtò bá wá kan omi ńkọ́? Omi kànga tó wà lókè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò wá síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, oòrùn á sì máa fà á gbẹ lójú kòtò. Kànga tó máa ń di Ẹrẹ́nà kó tó gbẹ lè gbẹ ní Ṣẹ́rẹ́. Àwọn ará ilé á ní ọdún yìí le ni. Wọn ò ní mọ̀ pé kòtò tó wà lẹ́yìn ọgbà kaṣú ló ń mu omi wọn, kò sì ní sí ìwé kankan tí wọ́n lè fi jiyàn, nítorí kò sẹ́ni tó wọn kànga kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n máa ń ní kó mú ẹ̀rí wá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó lówó ẹ̀rọ àti owó onímọ̀ lọ́wọ́ ló yẹ kó ti wọ̀n ọ́n sílẹ̀.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ẹ̀rọ. Ibi tí ògùrọ̀ bá ti hù fúnra rẹ̀, omi ò jìnnà síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìbomirin púpọ̀, àkúrò ni, omi tó ń jò wá láti òkè ló ń bọ́ ọ, òkè yẹn sì lè jẹ́ gẹ́lẹ́ ibi tí wọ́n gún ọ̀pá pupa sí. Àwọn ìsun kan wà tó jẹ́ pé ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà nìkan ni wọ́n ń yọjú, tí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan. Àwọn ìyá tó ti ń pọnmi láti kékeré mọ gbogbo wọn. Ó ń yà mí lẹ́nu pé nínú ìpàdé tí wọ́n ń pè lórí irú ilẹ̀ báyìí, baálé, àwọn olórí ẹbí àti àwọn ọ̀dọ́ ló ń jókòó síwájú, àwọn ìyá á sì wà lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bó bá ṣe èmi ni, ọ̀dọ̀ wọn ni màá ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Omi orí ilẹ̀ tún wà. Éékà mẹ́wàá tó bíi hẹ́kítà 4. Bí òjò mìlímítà 100 bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi tó bọ́ síbẹ̀ jẹ́ lítà mílíọ̀nù 4, ìyẹn ọkọ̀ agbomi oní-lítà 10,000 lọ́nà irínwó. Òjò irú ìyẹn kì í ṣe àlá: èyí tó rọ̀ sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011, tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ju mìlímítà 180 lọ. Nígbà tí igbó àti oko wà lórí ilẹ̀, wọ́n ń dá omi dúró. Tí ilẹ̀ bá wà níhòòhò, ọ̀gbàrá á gbé ẹrẹ̀ pupa lọ sínú odò tó bá wà nísàlẹ̀, á dí ojú omi, á bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀, á sì kún ìdí adágún tí ìlú ń mu. A ti rí bí odò ṣe ń yí àwọ̀ padà. Odò Ọ̀ṣun, tó gba inú igbó tí UNESCO fọwọ́ sí ní 2005 kọjá ní Òṣogbo, ti di ẹlẹ́rẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa wúrà lókè rẹ̀. Wúrà kọ́ ni òkúta wẹ́wẹ́, kò sì ní oògùn olóró nínú. Síbẹ̀ ọ̀nà kan náà ni ẹrẹ̀ ń gbà dé inú odò: ilẹ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lókè láìgbẹ́ kòtò kékeré tí omi á ti kọ́kọ́ dúró, kí ẹrẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀, kó tó máa lọ.

Omi tí kò ṣàn lọ náà ní tirẹ̀. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà fẹ́ràn omi tó dúró sójú kan nínú oòrùn, kò sì gbà ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ kí ẹyin rẹ̀ tó di ẹ̀fọn tó ń fò. Ìgbín inú omi tó ń gbé àtọ̀sí ajá lè bá adágún tó bá pẹ́ nílẹ̀, àwọn ọmọ tó sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ni yóò máa tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn àgbà tó ti rí sòbìà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí omi adágún. Ìgbà pípẹ́ ni àrùn yẹn fi dá àwọn èèyàn wa jókòó lákòókò iṣẹ́ oko, oṣù Bélú 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé sì tó kéde pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bójú mu ká tún máa ṣe adágún tuntun fún abúlé tí kò ní omi ẹ̀rọ. Mi ò tíì sọ ti àwọn ọmọ tó ń kú sínú omi kòtò tí wọ́n pa tì. Amọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ̀, etí rẹ̀ a sì máa dúró ṣánṣán.

Lórí eruku, ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Nígbà ọyẹ́, láti àríwá ìlà-oòrùn ló ń bọ̀. Nígbà òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ kòtò ń le jù, nítorí náà ilé tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn kòtò ni eruku rẹ̀ ń bá. Wọ́n lè mọ èyí láìná kọ́bọ̀. Níbi tí òkúta funfun bá ti pọ̀, tí wọ́n sì ń fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: eruku rẹ̀ tó kúnná ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìsí àtúnṣe, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé sì ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 1997.

Tipa ni àwọn èèyàn ń gbàgbé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Hẹ́kítà 4, tí a bá gbẹ́ ẹ ní mítà méjì, yóò mú òkúta àti erùpẹ̀ tó bíi tọ́ọ̀nù 140,000 jáde. Tipa tó ń gbé tọ́ọ̀nù 20 yóò lọ nígbà 7,000, yóò sì padà wá nígbà 7,000. Bí ọgbọ̀n tipa bá ń kún lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́jọ tí ọ̀nà oko yẹn, èyí tí wọ́n fi owó àdájọ ṣe, yóò fi máa rí ìkọjá ọgọ́ta lójoojúmọ́, níwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níwájú ibi tí wọ́n ń sá gaàrí àti èlùbọ́ sí. Kòtò lè wà ní kìlómítà méjì sí abúlé, àmọ́ àárín abúlé ni ọ̀nà rẹ̀ gbà.

Mi ò lòdì sí wíwa òkúta. Kò sí títì tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ ṣe. Àgbẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń jẹrà nítorí ọ̀nà tí kò dára nílò òkúta wẹ́wẹ́ yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Bó sì ṣe sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe títì tó ni owó títì ṣe ń dín kù.

Ohun mìíràn tún wà nínú ilẹ̀ yàtọ̀ sí omi. Àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938 ni wọ́n kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Àwọn lébìrà tó ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó lọ́dún 1957 náà kan tiwọn. Ihò àpáta Ìwó Elérú, nítòsí Ìsarun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni Thurstan Shaw, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, ti hú egungun èèyàn kan jáde ní 1965, tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní àmì lójú ilẹ̀ tí ẹni tó ń wá òkúta á fi mọ̀ ọ́n. Kódà èyí tó hàn, wọ́n ń pa á lára: Erédò Sùngbọ́, odi àti kòtò tó yí Ìjẹ̀bú ká tó bíi kìlómítà 160, ojú òkè ilẹ̀ pupa lásán ni kátapílà fi ń wò ó. Nítorí náà, mo fẹ́ kí ìwé ilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àfọ́kù ìkòkò, ìdọ̀tí irin àtijọ́, ahoro, ojúbọ àti ibojì, kì í ṣe kó kàn sọ pé “kò sí nǹkan àtijọ́ níbẹ̀.” Òfin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì Nàìjíríà ti 2007 kò fàyè gba wíwa ohunkóhun níbi tí ìlú, abúlé, ọjà, ibojì, ojúbọ tàbí ilẹ̀ àtijọ́ bá wà, tàbí láàárín mítà 50 sí ojú irin, títì ìjọba, ìsédò tàbí ilé ìjọba.

Òfin kan náà ka yanrìn, ilẹ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó wà á. Ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni ní ìwé náà. Ọwọ́ baálé ò ká a, bẹ́ẹ̀ ni owó tí ẹni tó ni ilẹ̀ ń gbà lórí tipa kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àṣẹ. Òfin tún ní kí oníkòtò bá àwọn ará ibẹ̀ ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀. Òfin àyẹ̀wò àyíká ti 1992 sì ti sọ ọ̀kan tí mo fẹ́ kí gbogbo abúlé mọ̀: ẹni tó bá fẹ́ wa òkúta ìkọ́lé láàárín kìlómítà 3 sí ibi tí èèyàn ń gbé gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò kíkún. Ẹ sọ fún mi, níbo nílẹ̀ Yorùbá ni èèyàn á ti rìn ju kìlómítà mẹ́ta lọ láìbá ilé pàdé? Ó ṣọ̀wọ́n. Torí náà, kíkéré kòtò kò yọ ọ́ kúrò nínú òfin yìí, ohun yòówù kí ẹni tó mú ọ̀pá pupa wá sọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìwé àyẹ̀wò náà síta kí ará ìlú wò ó fún ọjọ́ iṣẹ́ 21. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì máa ń wà, ojú ìwé rẹpẹtẹ, nínú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí owó ọkọ̀ ibẹ̀ ju owó oúnjẹ lọ. Ó yẹ kí wọ́n kà á ní Yorùbá lọ́jọ́ ọjà.

“Kékeré ni” ni gbólóhùn tó ń dẹ́rù bà mí jù. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹnì kan gba éékà mẹ́wàá létí ìṣàn omi kan lọ́dún yìí. Ẹlòmíràn rí i pé òkúta ibẹ̀ dára, ó gba mẹ́wàá nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta gba òdìkejì. Ìwé kálukú sọ pé ìpalára tirẹ̀ kéré, kò sì sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ìṣàn omi nìkan ló ń gba ti gbogbo wọn pọ̀. Àyẹ̀wò tí kò bá ka kòtò tó ti wà lókè àti nísàlẹ̀ mọ́ tirẹ̀, mi ò kà á sí àyẹ̀wò.

Bí wọ́n ṣe máa dí i ló yẹ kó ṣáájú bí wọ́n ṣe máa gbẹ́ ẹ. Erùpẹ̀ dúdú tí wọ́n bá kó kúrò lókè gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, kí wọ́n má ṣe kó o ga jù, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má sì tẹ̀ ẹ́, torí ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ ló ń mú kó jẹ́ erùpẹ̀ oko. Ibi tí wọ́n bá ti parí ni kí wọ́n máa dí bí wọ́n ṣe ń lọ síwájú, kí etí kòtò dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní Òkè-Ògùn, igi èmí àti igi igbá tí wọ́n wó kì í ṣe ohun tí owó ọdún kan lè san: èmí tí wọ́n bá gbìn lónìí lè gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó so. Owó àtúnṣe gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí tipa àkọ́kọ́ tó kún, nítorí lọ́jọ́ tí òkúta bá tán, wọ́n á ti gbé kátapílà lọ síbòmíràn ṣáájú alẹ́.

Abúlé tí wọ́n bá gún ọ̀pá pupa sí kò ní láti dúró de onímọ̀ kankan. Páìpù PVC mẹ́ta tí wọ́n rì sínú ilẹ̀ yí ibẹ̀ ká, kó jìn bíi kànga, ti tó láti mọ ibi tí omi wà, tí wọ́n bá sì mọ bí orí páìpù kọ̀ọ̀kan ṣe ga sí èkejì, wọ́n á mọ apá ibi tó ń dà sí. Kí wọ́n ta kókó sí okùn ní ìdajì mítà ìdajì mítà, kí wọ́n so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀. Kí ọmọ ilé ìwé kan máa sọ ọ́ sínú páìpù àti sínú kànga tó sún mọ́ ibẹ̀ ní gbogbo Sátidé, kó kọ iye kókó tó wọlé kó tó kan omi sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èrèlé tí àwọn àlejò dé. Nígbà tí wọ́n bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ láti sọ pé ibẹ̀ gbẹ, baálé á ṣí ìwé náà sí ojú ewé Ọ̀wẹ́wẹ̀, á fi ìka tọ́ ọ.